Kánópì Iwájú Ilé Màmá

Adó-Èkìtì,
24 oṣù Kọkànlá, 2024.

Dùnmínínú ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń fara dà á ní Kánádà yẹn. Níbí, ọyẹ́ ti dé kí ó tó yẹ kí ó dé. Ètè mi ti là, eruku ti bo àwòrán bàbá rẹ lára ògiri, ó sì ti sú mi láti máa nù ún.

Má tún bi mí pé kí ló dé tí n kì í pè ọ́ bí àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ. O mọ̀ pé etí mi ti di. Ariwo lásán ni mo máa ń gbọ́ nínú fóònù, bí ẹni pé ẹnì kan ń din ẹja. Lẹ́tà ni èmi mọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti ń kọ ọ́, n kò ní tìtorí ẹ̀rọ gbàgbé rẹ̀. Azeemah, ọmọ Abdulsobur tó ń fi kánópì àti àga háyà ní òdìkejì ilé wa, ni yóò ya èyí ní fọ́tò fi ránṣẹ́ sí ọ bí ó ti máa ń ṣe. Bí o bá dáhùn, yóò gbé fóònù rẹ̀ wá kí n kà á.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ṣé o ń bọ̀ ní Kérésì? Lọ́dún tó kọjá o ní, “Ọdún tó ń bọ̀, Màmá.” Ọdún tó ń bọ̀ náà ti dé o. Ó ti jókòó sí pálọ̀, ó ń béèrè rẹ.

Bí o kò bá lè wá, má ṣe ìyọnu. Ilé yóò kún bí ó ti máa ń kún, mo sì ti bá ẹnì kan sọ ìrẹsì Ìgbẹmọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ ní Kérésì yìí, kí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Mo ti mọ bí ìrẹsì ṣe rí.

Ìyá rẹ tó ń wo títì.


Saskatoon, Kánádà,
3 oṣù Kejìlá, 2024.

Màmá mi, ìyá tíṣà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, ẹ kú ọyẹ́. Ṣé orúnkún ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo fi oògùn rẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ onírun rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Ẹ máa lò ó o, ẹ má tún lọ kó o sínú àpótí pé ó di ọjọ́ tí ẹ bá ń ròde.

Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ibi iṣẹ́ kò fún mi láyè. Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo wà, arúgbó kì í sì í dẹ́kun àtidarúgbó nítorí Kérésì. Láti oṣù Kẹjọ ni mo ti tọrọ ìsinmi. Ọ̀gá mi ní àwọn tó ní ọmọ kéékèèké ni òun máa kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ronú nípa mi rárá. Ibí máa ń dùn nígbà ọdún. Àwa ọmọ Yorùbá pọ̀, ilé dé ilé la máa ń jẹ kiri, n kì í tilẹ̀ í ráyè sùn. Ẹ̀yin ni mo ń rò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá Bàbá Ìgèdè ṣọdún, kí ẹ má dá nìkan jókòó sínú ilé ńlá yẹn.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Dùnmínínú.


Adó-Èkìtì,
9 oṣù Kejìlá, 2024.

Dùnmínínú,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo kà á, mo gbé e sílẹ̀, mo tún kà á, bí mo ti máa ń ṣe fún ìwé ọmọ tó bá jọ pé ó wo ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ.

Mo ní kí Azeemah bá mi wá fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ní Kérésì èṣí jáde. Ìrẹsì wà níbẹ̀, itan adìẹ wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n abọ́ kan ni mo rí. Ṣíbí kan. Ife kan. Àwọn tí ẹ jọ ń jẹ kiri ńkọ́, ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa tiwọn jẹ ni? N kò bá ọ jà o. Mo kàn ń béèrè ni.

Ìgèdè tí o ní kí n lọ, n kò lọ. Àbúrò mi ni Ayọ̀rìndé, ó sì fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ilé rẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n á gbé mi kalẹ̀ sórí àga bí àwo tí wọ́n ń bẹ̀rù kó má fọ́. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. N kò ní sọ ọ́ fún ọ, ojú rẹ ni yóò rí i. Mo sì ti kìlọ̀ fún Bàbá Ìgèdè rẹ pé tó bá tú u fún ọ, kó má dé ilé mi mọ́. O mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí.

Jẹun dáadáa. Pẹ̀lú ènìyàn.

Èmi náà ni, ìyá rẹ.


Saskatoon,
20 oṣù Kejìlá, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí o? Lẹ́tà méjì ni mo ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù Azeemah, kò ka ìkankan nínú rẹ̀. Mo pe fóònù tiyín, wọ́n ní ẹ ti pa á. Ṣé ẹ tún pa á kí iná rẹ̀ má bàa tán ni?

Nípa ti abọ́ kan yẹn, àwọn abọ́ yòókù wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì ni, Màmá. Ojú yín ti mú jù. Kí sì ni ohun tí ẹ fẹ́ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gun àga láti nu àjà o. Ẹ fún mi lésì, bó ṣe ìlà kan péré.

Dùnmínínú.


Saskatoon,
24 oṣù Kejìlá, 2024.

Bàbá Ìgèdè mi,

Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti pè yín títí, ó ń dún, ẹ kò gbé e. Ẹ dárí jì mí pé n kò lè kí yín bó ti yẹ.

Pamílẹ́rìn tí a jọ lọ sí girama, tó ń wa ọkọ̀ láti Fájuyì ní Adó lọ sí Ìgbẹmọ, kọ̀wé sí mi lónìí. Bó ti kọ ọ́ nìyí: “Dùnmínínú, ṣé kò sí o? Mo kọjá níwájú ulé yín, mo rí kánópì, mo rí àga. Àwọn obìnrin ń dáná l'ẹ́yìn ulé. Mo rí Bàbá Ìgèdè, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀. Èrò wà nínú ọkọ̀ mi ni mi ò ṣe dúró. Ọlọ́run á tù yín nínú o.”

Kí Ọlọ́run tù wá nínú nítorí kí ni? Bàbá mi, kánópì kí ni? Ilé ìyá arúgbó kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ilé ìyàwó, kì í ṣe ilé ìkómọ. Ẹ sọ fún mi.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mí bí ẹ ti ṣe mí nígbà tí Dádì lọ. “Àlàáfíà ni” ni ẹ ń kọ sí mi nígbà náà. “Jẹun dáadáa, má dá nìkan wà.” Dádì sì ti wà nínú ilẹ̀.

Ọmọ yín,
Dùnmínínú.


Ìgèdè-Èkìtì,
24 oṣù Kejìlá, 2024.

Dùnmínínú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Àlàáfíà ni. Má dààmú rárá. Fóònù mi ni kò gbọ́ràn dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Adó ni mo ti ń bọ̀ báyìí.

Kánópì tí o gbọ́, ohun tí kò tó nǹkan ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ fún ọ níbi tí o wà yẹn. Màmá ń sinmi. Gbogbo wa ti péjọ, ohun gbogbo sì ń lọ létòlétò. Abdulsobur kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lórí kánópì rẹ̀, ó ní oore tí Màmá ti ṣe fún ilé òun pọ̀ jù. Ènìyàn gidi ni ìyá rẹ.

Jẹun dáadáa. Ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ? Má dá nìkan wà lọ́la. Pe àwọn ènìyàn wá. Tó bá di ẹ̀yìn ọdún, wàá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mú ọkàn le.

Bàbá rẹ,
Ayọ̀rìndé.


Saskatoon,
25 oṣù Kejìlá, 2024.

Màmá mi,

N kò mọ ẹni tí mo ń kọ èyí sí. Fóònù Azeemah nìkan ni àdírẹ́sì yín tí mo mọ̀, òun ni mo sì ń fi í ránṣẹ́ sí. Bóyá ẹnì kan á kà á sí yín létí. Wọ́n ní etí òkú kì í di.

Mo gba lẹ́tà Bàbá Ìgèdè. “Àlàáfíà ni” ni wọ́n kọ. “Jẹun dáadáa” ni wọ́n kọ. Mo ka ibi tí wọ́n ní ẹ ń sinmi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá sítóòfù. Mo pariwo débi pé òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn.

N kò mọ ẹni tí mo máa pè. Mo wá rántí Tèmídayọ̀, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń ní kí n wá jẹun nílé òun, tí mo sì máa ń sọ fún pé n kò ráyè. Mo pè é. Kí ojú tó mọ́ ni ilé mi ti kún. Màmá, ilé mi tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí! Ẹnì kan gbé mọ́ínmọ́ín wá, ẹnì kan ń gbálẹ̀, ẹnì kan ń fọ abọ́ mi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúwatóbilọ́ba kó àga wá láti ilé rẹ̀. Inú yìnyín ni ó ti gbé e kọjá, kò wọ ìbọ̀wọ́. Wọn kò mọ̀ mí. Wọ́n ṣáà gbọ́ pé ìyá ọmọ Èkìtì kan kú.

Màmá, abọ́ kan ni. Òótọ́ ni ẹ rí. Kò sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì, ògiri ló wà níbẹ̀. Gbogbo Kérésì ni mo máa ń tọrọ iṣẹ́ kún iṣẹ́, kí n má bàa padà sínú ilé tó dákẹ́. Ìyá àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń fún lóúnjẹ. Wọ́n á pè mí ní orúkọ ọmọ wọn, èmi náà á sì dáhùn. Mo kọ́ láti dáhùn ni, nítorí pé tí mo bá ní èmi kọ́, wọ́n á máa sunkún.

Ẹ ti gbàgbé pé kí a tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ṣì máa ń pè yín. Ẹ kì í gbọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ ẹ kì í pa fóònù, ẹ máa ń gbé e sétí títí èmi yóò fi pa á. Mímí yín ni mo máa ń gbọ́. N kò sọ ọ́ fún yín rí pé mímí yẹn ni mo fi ń sùn.

Mo sunkún lọ bá ọ̀gá mi. Ó fún mi ní ìsinmi lójú ẹsẹ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní ni màá wọ Adó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tíì gbé yín wọlẹ̀ kí n tó dé.

Dùnmínínú yín.


Adó-Èkìtì,
27 oṣù Kejìlá, 2024.

Dùnmínínú!

Ta ló kú?

Òní yìí ni Azeemah gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe ní Fájuyì. Ojú rẹ̀ ló fọ́ lẹ́yìn lẹ́tà mi ìkẹyìn, ọmọ náà kò sì sọ fún mi, ẹ̀rù ń bà á. Ó gbé e wá tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, “Màmá, lẹ́tà yín pọ̀ o!” Mo wọ awò ojú mi, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà tí ọmọ mi kọ sí òkú mi. Nígbà tí mo dé ibi tí o ní kí wọ́n má tíì gbé mi wọlẹ̀, mo fọwọ́ kan àyà ara mi. Azeemah figbe ta pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà níbí ni.

N kò kú o! Etí mi di, orúnkún mi ń dùn mí, n kò kú! Mo ti ní kí Azeemah gba lẹ́tà ìwọ àti Bàbá Ìgèdè rẹ wá fún mi, mo sì kà á. Ìgbà tó kọ̀wé pé mo ń sinmi, oorun ọ̀sán ni mo ń sùn. Ẹ̀wà ni mo ṣà títí ó fi rẹ̀ mí.

Gbọ́ bí ọ̀rọ̀ kánópì ṣe jẹ́. Nígbà tí Màmá Ọláyíwọlá òpin àdúgbò wa kú, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ti òkè òkun wálé. Wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sọ bí ìyá wọn ti dára tó. Obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò rí àga jókòó. Ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun níbẹ̀. Mo lọ bá Abdulsobur. Mo ní, “Kánópì rẹ yìí, ṣé ìgbà tí mo bá kú nìkan ló máa dé iwájú ilé mi?” Ó ní, “Asitagafurulai, Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.” Mo ní kó gbé e wá ní Kérésì, kí n jókòó sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo ṣì lè jókòó.

Mo wá pe gbogbo àgbà àdúgbò tí ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi. A pọ̀ ju bí mo ti rò lọ. Kálukú gbé ìkòkò tirẹ̀ wá, ìyàwó Abdulsobur gbé mọ́sà wá. Òfin tí mo ṣe ni pé kò sí ẹni tó máa bu oúnjẹ láìkọ́kọ́ ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, kó sì sọ ohun kan tí ọmọ náà máa ń ṣe ní kékeré. Èmi sọ bí o ti wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi gun igi máńgòrò. Bàbá kan tí kì í kí ènìyàn ládùúgbò dìde, ó ki ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọbẹ̀ tutù, kò sẹ́ni tó bínú. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìhà ń dùn mí.

Pamílẹ́rìn kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó sin mí o. Ìyáàfin kan ní ìjọ wa rí kánópì, láti ojú títì ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún: “Yéè, tíṣà wa rere o!” Mo dìde, mo bu ìrẹsì fún un. Ó wo abọ́, ó wò mí, ó jókòó, ó sì béèrè ẹran.

Àbúrò mi ní òun kò parọ́ kankan fún ọ. Mo ní mo mọ̀, ìyẹn gan-an ló burú. A ti fi “àlàáfíà ni” bo òkú mọ́lẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi lè gbà á gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ tí àlàáfíà bá wà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí okùn, á sá.

Ṣùgbọ́n Dùnmínínú, kí ló dé tí mo fi ní láti kú kí n tó gbọ́ pé mímí mi ni o fi ń sùn?

Ìyá rẹ tó wà láàyè.


Saskatoon,
28 oṣù Kejìlá, 2024.

Màmá mi tó jí dìde,

Àwọn abánikẹ́dùn wà nílé nígbà tí lẹ́tà yín wọlé. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, mo rí déètì, mo fò sókè, mo ké. Tèmídayọ̀ sáré jáde láti kíṣìnnì: “Ta ló tún kú?” Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kú mọ́!” Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú. Wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n fún mi lómi mu. Àfìgbà tí mo ka lẹ́tà yín sókè fún wọn.

Olúwatóbilọ́ba ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àdúrà tí òun ti gbà pé kí ilẹ̀ fúyẹ́ fún yín ńkọ́, ta ni kí òun fún? La bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn mú wa lulẹ̀, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín wọ́n ń sunkún. Ojú wá ń tì mí. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, kí wọ́n máa lọ sílé wọn, kò sí òkú mọ́. Kò sẹ́ni tó dìde. Tèmídayọ̀ ní, “Lọ sí ulé wo? Èmi náà, fọ́tò abọ́ kan ni mi í fi ránṣẹ́ sí yèyé mi.” Ẹlòmíràn ní òun máa ń ya abọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì, lọ́tùn-ún lósì, kó lè jọ pé ó pọ̀. Mo ti fi fọ́tò wa ránṣẹ́. Ẹ ka abọ́ tó wà níbẹ̀.

Ohun kan ló kù tó ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá mi fún mi ní ìsinmi nítorí pé ìyá mi kú. Ìgbà tí ìyá mi wà láàyè, mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Tí mo bá sọ òótọ́ fún un, ó lè gba ìsinmi náà padà, wọn kò sì ní dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà. Tí mo bá dákẹ́, mo ti fi ẹnu ara mi sin yín nítorí ìsinmi. Màmá, kí ni kí n ṣe?

Dùnmínínú.


Adó-Èkìtì,
29 oṣù Kejìlá, 2024.

Dùnmínínú,

Mo ka abọ́ náà. Ó sú mi ní kíkà, mo fi í sílẹ̀. Kí Tèmídayọ̀ fi orúkọ ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè pè é wá jókòó sábẹ́ kánópì.

Sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ. N kò fẹ́ kí o wá bá mi nílé pẹ̀lú ikú mi nínú àpò. Sọ fún un pé àṣìṣe ni, pé ìyá rẹ wà, pé ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú, yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bó bá ní kí o má lọ, má lọ. N óò sunkún, n óò sì nu ojú mi. Ṣùgbọ́n n kò ní kú kí o tó rí àyè wá.

Ìyá rẹ.


Saskatoon,
31 oṣù Kejìlá, 2024.

Màmá,

Mo sọ ọ́. Ọ̀gá mi la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Ó ní, “Kò kú?” Mo ní kò kú. Ó ní kánópì kí ni? Mo ṣàlàyé títí. Ó wá ní ìwé ìsinmi tí òun fọwọ́ sí kò béèrè bóyá ìyá mi máa jókòó tàbí ó máa dùbúlẹ̀. Ó ní kí n máa lọ.

Màmá, mo ń bọ̀.

Dùnmínínú.


Adó-Èkìtì,
1 oṣù Kìíní, 2025.

Dùnmínínú ọmọ mi,

Ọdún yìí tura o. Mo ti sá ìbọ̀sẹ̀ onírun rẹ sóòrùn, òun ni n óò wọ̀ pàdé rẹ.

Abdulsobur wá láti tú kánópì láàárọ̀ yìí. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn á máa rò pé òkú ṣì wà nílé, mo ní kí wọ́n máa rò ó. Nítorí náà, nígbà tí o bá yà sí àdúgbò wa, tí o bá rí i níwájú ilé, má ṣe sunkún. Abẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ìyá rẹ.